Ikú ìyá inú Tokyo Story: báwo la ṣe lè ya irú rẹ̀ nínú ilé tiwa?

AkọtànKàbbà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

A ń múra fíìmù kúkúrú kan sílẹ̀ níbí, kò ní ju ìṣẹ́jú 25 lọ. Bàbá àti ìyá tó ti dàgbà wọkọ̀ láti Kàbbà lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Àbújá. Ọwọ́ àwọn ọmọ dí. Àwọn òbí padà wálé, àìsàn dé sí ìyá, ó kú, àwọn ọmọ wá sin ín, kálukú sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti wo Tokyo Story, fíìmù Japan tí Ozu Yasujiro ṣe ní 1953, á ti mọ ibi tí ìtàn náà ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí mò ń wá lára fíìmù yẹn ni bí ikú ṣe rọra wọlé láàárín iṣẹ́ ilé, tí wọn ò fi orin tàbí ariwo tì í lẹ́yìn, síbẹ̀ tí kò ṣeé gbàgbé.

Ibi tó ti há wa rèé. Ìran ikú tí a kọ́kọ́ kọ kó ọmọ márùn-ún yí bẹ́ẹ̀dì ká, gbogbo wọn ń ké, ó sì jọ fíìmù àgbéléwò tí gbogbo wa ti rí. A yọ ẹkún náà kúrò. Àwọn àgbà tí a ka ìwé eré fún wá bi wá pé, "Irú ilé wo nìyí, tí ìyá kú tí ẹnikẹ́ni ò ké?" Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́: kámẹ́rà Canon APS-C kan, lẹ́ǹsì 18–55 àti 50mm f/1.8, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kékeré kan pẹ̀lú máìkì. Kò sí iná fíìmù. Ilé àtijọ́ onípáànù ni ilé náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ là á já láàárín, yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, èyí tó tóbi jù nínú wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kámẹ́rà á dúró, kí la máa fò, kí la máa ṣe sí ẹkún, báwo la sì ṣe ń ya ẹni tó dùbúlẹ̀ bí òkú tí kò fi ní dà bí ẹni tó ń sùn?

OlójúLẹ́ǹsì

Àbúrò, fi ìran ikú yẹn sílẹ̀ ná, kó o wo ohun tó ṣáájú rẹ̀. Tomi, ìyá inú Tokyo Story, ti ń lọ tipẹ́ kó tó kú. Òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lórí pápá, ó ń bi ọmọ náà pé nígbà tó bá fi máa di dókítà, ṣé òun á ṣì wà láyé. Ọmọ ń já koríko ṣeré, kò fèsì. Lẹ́yìn náà ní Atami, níbi ìgbafẹ́ tí àwọn ọmọ fowó rán wọn lọ, ariwo àwọn àlejò ò jẹ́ kí wọ́n sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fẹ́ dìde lórí ògiri etí òkun, òòyì kọ́ ọ, ó ní kò sí nǹkan kan. Àìsàn tó ṣe é nínú ọkọ̀ ojú irin nígbà tí wọ́n ń padà lọ sí Onomichi, ìlú etí òkun tí wọ́n ń gbé, a ò tiẹ̀ rí i: Keizo, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Osaka, ló ń ròyìn rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Èyí tó burú jù bá tẹligíráàmù dé Tokyo. Àmì mẹ́rin ni, ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbà dé yàtọ̀: ìbéèrè, ara tó yẹ̀, ẹnu ẹlòmíì, ìwé. Ohun tó gbé ikú náà nìyẹn. Fíìmù tí kò bá ti sọ nǹkan kan ṣáájú ló máa ń di dandan fún láti pariwo nígbà tí ikú bá dé.

Ìwọ náà, fi àmì mẹ́ta ó kéré tán sínú ìṣẹ́jú 12 àkọ́kọ́, kí àkọ́kọ́ wọn ti jáde kó tó di ìṣẹ́jú 5. Má fi orin sábẹ́ èyíkéyìí, má sì sún kámẹ́rà mọ́ ojú ìyá ní àwọn ibi yẹn. Tí wọ́n bá ti sún mọ́ ojú rẹ̀, òǹwòran ti mọ̀ pé ó máa kú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ikú dípò kó máa bá a gbé.

Ní ti ikú gan-an, wo bí wọ́n ṣe tò ó. Koichi, àkọ́bí, dókítà ni. Ó pe bàbá rẹ̀ àti Shige àbúrò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ fún wọn pé kò jọ pé ìyá á kọjá àfẹ̀mọ́júmọ́. Bàbá kàn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ náà ni, ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé e sí ìlú: èbúté, ọkọ̀ ojú omi, ojú pópó tí èrò ò tíì sí. Nígbà tí a padà wọlé, aṣọ funfun ti wà lójú ìyá, àwọn ọmọ jókòó tì í. Bàbá ò sí láàárín wọn. Noriko, aya ọmọ wọn tó bá ogun lọ, jáde lọ wá a, ó bá a níbi tó dúró sí tó ń wo òkun. Bàbá ní ojúmọ́ yẹn mọ́ dáadáa, ó sì jọ pé ooru máa mú lónìí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣẹ́jú tí ẹ̀mí bọ́ kò sí nínú fíìmù náà. Àwòrán ìlú ló gba àyè rẹ̀, nínú àwòrán ìlú yẹn ni òǹwòran sì ti ń ṣọ̀fọ̀ tirẹ̀ kí àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Tiyín lè jẹ́ mẹ́rin: ọ̀nà ọ̀dà kí ibùdókọ̀ tó kún, ojú àgbàlá tí ìgbálẹ̀ ti fà láràbà-ràbà, òkè tí kùrukùru bò, èéfín ilé ìdáná. Ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 7 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó jẹ́ ibi tí a ti rí ṣáájú nínú fíìmù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á dà bí kàlẹ́ńdà. Tó bá kéré ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ, òǹwòran á rò pé wọ́n kàn fẹ́ fi ibi tó kàn hàn án ni. Tó bá ju 10 lọ tí nǹkan kan ò mì níbẹ̀, á rò pé fóònù òun ló há. Torí náà, kí nǹkan kékeré kan máa mì: èéfín, aṣọ lórí okùn, ewúrẹ́ tó ń kọjá. Gé e ṣánṣán, má jẹ́ kí àwòrán rọra ṣá tàbí kó wọnú ara wọn, má sì lo dúróònù.

Ó ku ibi tí kámẹ́rà á dúró. Lẹ́ǹsì 50mm ni Ozu ń lò jù, àwòrán lórí fíìmù tó sì ń lò fẹ̀ bíi mílímítà 22, ìyẹn ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí sẹ́ńsọ̀ APS-C inú Canon yín, ibi tí àwòrán ń bọ́ sí. Ẹ gbé 50mm yẹn sí i, ẹ ti rí ohun tó rí nìyẹn. Wàhálà rẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ ò fẹ̀. Láti gba èèyàn méjì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí àwòrán á fẹ̀ tó mítà 1.6, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ jìnnà sí wọn tó mítà 3.6. Yàrá ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12 yín ò ju ìyẹn lọ láti ògiri dé ògiri. Ẹ má torí ẹ̀ yí lẹ́ǹsì padà sí 18. Ẹ gbé kámẹ́rà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí sí ẹnu yàrá tó kọjú sí tiwọn, kí ẹ máa yà wọ́n gba ẹnu ọ̀nà. Férémù ilẹ̀kùn á dá àwòrán náà dúró lọ́tùn-ún lósì, ẹni tó bá sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá á gba iwájú lẹ́ǹsì kọjá, bí wọ́n ṣe máa ń kọjá nílé Ozu nìyẹn. f/1.8 yẹn, ìyẹn ẹnu lẹ́ǹsì tó ṣí gbayawu, kì í ṣe fún iṣẹ́ yìí, á sọ ilé di òwúsúwusù. f/5.6 ní mítà 3.6 á fún yín ní nǹkan bíi mítà kan tó mọ́ kedere, ẹni àti àga àti ìkòkò á jọ hàn.

Gíga rẹ̀: àwọn ará Japan inú fíìmù náà ń jókòó sílẹ̀, kámẹ́rà sì wà nísàlẹ̀ ojú ẹni tó jókòó. Ẹni tó wà lórí ẹní, ẹ gbé lẹ́ǹsì sí sẹ̀ńtímítà 50 sí 60. Orí àpótí, 65 sí 70. Orí àga pálọ̀, 90. Kó tẹ́jú, ẹ má gbé imú rẹ̀ sókè. Bí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yín ò bá lè lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bílọ́ọ̀kù oní-ínṣì-9 méjì lórí ara wọn ga tó sẹ̀ńtímítà 45. Ẹ gbé àpò kékeré tí ẹ rọ iyanrìn sí lé e, kí kámẹ́rà jókòó sínú iyanrìn náà. Kò gbọdọ̀ mì rárá. Ìgbà tí kámẹ́rà rìn nínú Tokyo Story ò pé ìka ọwọ́ kan.

ÌyáYàgbà

Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ohun tí OlójúLẹ́ǹsì sọ nípa fífò yẹn dára, àmọ́ ó fo ìbéèrè àwọn àgbà náà. Lọ́dọ̀ wa, igbe àkọ́kọ́ ni ìkéde. Òun ni aládùúgbò fi ń mọ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò pátápátá, báwo ni ará ẹ̀yìnkùlé ṣe gbọ́ tó fi wá jókòó tì wọ́n? Ìtàn náà ti já níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ẹkún wà, kí ẹ gbé e kúrò níwájú kámẹ́rà. Ẹ ya obìnrin kan ní ilé kejì tó ń bó ẹ̀gẹ́, kámẹ́rà dúró sójú kan. Igbe kan ṣoṣo wọlé láti ìta, ohùn ẹnì kan, kò ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ọ̀bẹ. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, torí ó ti mọ ilé tó ti wá. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó jáde kúrò nínú àwòrán. Ẹ fi kámẹ́rà sórí ẹ̀gẹ́ tó ti bó kan ìdajì fún ìṣẹ́jú àáyá 8, kí àwọn ohùn yòókù máa dé lẹ́yìn. Àwọn àgbà yín á gbọ́ ẹkún wọn, ẹ ò sì ní ya ẹnu ẹnikẹ́ni.

Àṣìṣe tó máa ń wáyé níbí ni kí olùdarí ní kí obìnrin náà ju ọ̀bẹ sílẹ̀ tàbí kó gbé ọwọ́ lórí. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló di ìran náà. Kó kàn dìde.

Ẹ má sì rò pé Tokyo Story ò lẹ́kún. Shige sunkún gan-an nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un pé ìyá ò ní pẹ́ lọ, òótọ́ sì ni ẹkún náà. Shige kan náà ló ní kí wọ́n gbé aṣọ ọ̀fọ̀ dání kí wọ́n tó kúrò ní Tokyo, òun náà ló sì ń béèrè ọ̀já àti aṣọ ìyá nídìí oúnjẹ lẹ́yìn ìsìnkú. Kò sí ẹni tó fìyà jẹ ẹ́ nínú fíìmù náà. Kò sí àlá tí ìyá fi hàn án, kò sí ìbáwí láti ẹnu pásítọ̀. Ibí ni àwọn tó ń ṣe fíìmù níbí ti máa ń kù díẹ̀ káàtó: wọ́n á sọ ọmọ tó béèrè aṣọ di ìkà, tí yóò fi ojú rí nǹkan kí eré tó parí. Ẹ kọ ìran méjèèjì fún ọmọbìnrin kan náà, ẹkún àti ìbéèrè aṣọ, kó má ju ìṣẹ́jú 4 lọ láàárín wọn. Kó béèrè aṣọ náà bí ẹni ń béèrè iyọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa kó àwo jọ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ wo Still Walking tí Kore-eda Hirokazu ṣe ní 2008 pẹ̀lú. Ọjọ́ ìrántí ọmọkùnrin kan tó kú sómi níbi tó ti ń gba ọmọ ẹlòmíì là ni, àmọ́ ọwọ́ ìyá àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ha ewébẹ̀ ni fíìmù náà fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n din àgbàdo nínú òróró, ó ń ta, bàbá gbọ́ òórùn rẹ̀ ó jáde. Ìyá ń ṣe oúnjẹ ó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó sì di alẹ́ ló sọ ìdí tó fi ń pe ọmọkùnrin tí wọ́n gbà là yẹn wá lọ́dọọdún: kó má baà gbàgbé, kó lè máa jẹ òun náà níyà. Ẹ̀rù máa ń bani níbẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí aṣọ tó ń hun, ohùn rẹ̀ ò sì yí padà.

Nínú tiyín, iyán ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kí ìyá gún iyán níbẹ̀rẹ̀ fún èèyàn mẹ́ta: òun, bàbá, ọmọbìnrin tó wà nílé. Ẹ jẹ́ ká rí iye iṣu tó gé. Lẹ́yìn ìsìnkú, kí ọmọbìnrin náà gé iye kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àwo kan á ṣẹ́kù, ó dé e, ó gbé e sórí tábìlì. Ó tán.

Ẹ fi èyí sọ́kàn o: iyán tó bá ti gba afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú 20 á ti gbẹ lójú, kámẹ́rà á sì rí i. Ẹ se iṣu ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ìran náà gbà, kí ẹ fi ọ̀rá wé èyí tó ń dúró, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹ bá ń tún un yà. Ọbẹ̀ náà, ẹ máa fi ìwọ̀n ṣíbí kan náà bù ú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa lọ sókè sódò nínú àwo nígbà tẹ́ ẹ bá gé e pọ̀.

Ní ti òkú: mímí ló máa ń tú àṣírí. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú ẹni tó ń mí á máa gbéra. Ẹ gé páálí líle, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ìlàjì àgbá, ẹ gbé e sórí imú kí ẹ tó fi aṣọ bò ó, aṣọ náà ò ní kan imú mọ́. Fún àyà, ẹ ká aṣọ nípọn sí i. Kó mí gan-an ní ìgbà mẹ́ta, kó mí jáde ìlàjì, kó dá a dúró. Ìṣẹ́jú àáyá 8 ni kí ẹ fi ya á, kò gbọdọ̀ kọjá 12. Ó tún sàn ju ìyẹn lọ kí ẹ má yà á rárá. Lọ́dọ̀ àwọn Japan ìgbà fíìmù yẹn, òkú ń sùn nílé kí wọ́n tó sin ín. Níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń gbé lọ sí mọ́ṣúárì lọ́jọ́ náà gan-an, ẹní òfìfo ló sì ń kù nínú yàrá. Ẹ ya tìmùtìmù tí wọ́n gbé síta sínú oòrùn, kí ọmọ kékeré kan wá jókòó lé e, kí wọ́n ní kó dìde.

EtíÌsánlú

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ èyí tó pọ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ti ohùn kún un, torí ibẹ̀ ni fíìmù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù.

Ìdákẹ́rọ́rọ́ kì í ṣe àìsí ohùn. Tí ẹ bá pa ohùn dé òdo nínú kọ̀ǹpútà, òǹwòran á gbọ́ pé nǹkan já. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn dúró sójú kan, kí ẹ gba ohùn yàrá náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Òun lẹ máa tẹ́ sábẹ́ gbogbo ibi tí ẹ bá gé. Jẹnẹrétọ̀ tiyín nìkan kọ́ lẹ máa pa, ẹ bẹ aládùúgbò pẹ̀lú, ẹ sì yọ fíríìjì. Páànù ilé àtijọ́ máa ń ta ká-ká bí oòrùn bá ti ń gbóná sí i, torí náà ẹ ya ìran ọ̀rọ̀ láàárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn aago 5 ìrọ̀lẹ́. Òjò lórí páànù á gbé ọ̀rọ̀ mì pátápátá. Kí ẹ má gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpútà yọ ọ́.

Ẹ padà gbọ́ Tokyo Story lójú dídì. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi Onomichi wà níbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó wà níbẹ̀ lẹ́yìn ikú, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá ku òun nìkan. Kò yí padà nítorí ẹnikẹ́ni. Kàbbà ò ní òkun, àmọ́ ó ní ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ́ńjìnnì dísù rẹ̀ ń dún tó-tó-tó bíi ti ọkọ̀ náà gan-an. Ẹ gbà á láti nǹkan bíi mítà 40, kó jẹ́ pé ògiri wà láàárín, kí ẹ gbé e sí ibi mẹ́ta péré.

Ti odó tí Ìyá sọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ìyá àti ọmọbìnrin jọ gún un pẹ̀lú ọmọ odó méjì níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ń bọ̀, ọ̀kan ń lọ. Lẹ́yìn ikú, ẹ má fi odó hàn. Kí a kàn gbọ́ ọmọ odó kan láti ẹ̀yìnkùlé, pẹ̀lú àlàfo níbi tí èkejì ti máa ń bọ́ sí. Ọmọbìnrin náà gbọ́dọ̀ máa gún un ní ìwọ̀n tó ń gún un tẹ́lẹ̀. Tó bá yára láti dí àlàfo náà, ohun tẹ́ ẹ ń wá ti lọ. Máìkì á jìnnà sí odó tó mítà 1.5 sí 2, ohùn tó ga jù kó dúró sí -12 dB lójú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Ẹ má fi ẹsẹ̀ máìkì lélẹ̀ gbalasa, ilẹ̀ á gbé dídún odó gba irin náà wọlé; ẹ fi fóòmù tìmùtìmù sábẹ́ rẹ̀.

Níbi ìsìnkú nínú Tokyo Story, igi tí àlùfáà ń lù ló lé Keizo jáde. Kò lè jókòó gbọ́ ọ, ó ní ó ń ṣe òun bíi pé ìyá ń kéré sí i. Ẹ̀yin, òpó irin kánópì tí wọ́n ń gbá mọ́lẹ̀ àti àga tí wọ́n ń já sílẹ̀ láti orí ọkọ̀ ti tó fún gbogbo ayẹyẹ ìsìnkú. Ohùn yẹn fún ìṣẹ́jú àáyá 15 lórí ojú ọmọkùnrin kan, kí ẹ gé e sí ọjọ́ kejì, tí wọ́n ń gbá ọ̀rá pọ́ọ̀wọ́tà jọ. Ẹ ò ná owó màlúù, ẹ ò sì ṣe irọ́.

AkọtànKàbbà

Ẹ ṣeun gidigidi, Ọlọ́run á máa bá yín gbé e. Ti ẹ̀gẹ́ àti ọmọ odó yẹn ti wọ ìwé eré.

Ó ku mẹ́ta. Ẹnì kan nínú wa fẹ́ kí a gbé aṣọ ipò pupa kọ́ sí iwájú ilé lọ́jọ́ ìsìnkú, kí àwòrán lè ní ohun tó jẹ́ tiwa. Ṣé ó bá a mu? Èkejì, a ò ní iná, yàrá ìyá sì ṣókùnkùn, fèrèsé kan péré ló ní, ó kọjú sí ìlà-oòrùn. Ẹ̀kẹta, ṣé ká má lo orin rárá?

ỌmọÌyàrà

Aṣọ ipò, rárá. Àwọn ọkùnrin Bùnú ló máa ń hun ún láyé àtijọ́, òkú ọkùnrin tó joyè ni wọ́n fi ń dá lọ́lá. Ìyá tí ẹ kọ yìí ò joyè, Kàbbà ló sì ń gbé. Ará ibí tó bá rí i á mọ̀ pé wọ́n kàn gbé e síbẹ̀ nítorí àwọ̀ ni, ará òde á sì máa wo aṣọ dípò kó máa wo ilé. Bí ẹ bá fẹ́ aṣọ tó jẹ́ tiwa, ẹ fi ìró rẹ̀ tó ń wọ̀ lọ sóko hàn lórí okùn nínú àwọn àwòrán òwúrọ̀ mẹ́rin yẹn, èyí tí a ti rí lára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 3.

Fèrèsé ìlà-oòrùn kan ṣoṣo yẹn jẹ́ èrè fún yín. Maborosi, fíìmù ìtàn àkọ́kọ́ tí Kore-eda ṣe ní 1995, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ló gbára lé, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú sì ń jókòó sínú òkùnkùn yàrá tí a ò fi rí ojú rẹ̀ dáadáa nígbà púpọ̀. A ò nílò láti rí i. Ẹ̀yin, ẹ ya yàrá náà láàárín aago 7 sí 9 àárọ̀. Ẹ na aṣọ funfun kan sí ìta fèrèsé bí oòrùn bá wọlé ṣánṣán, kó lè rọ̀. Ní òdìkejì, ẹ gbé páálí funfun kan, mítà kan sí mítà kan, sí ibi tó jìnnà tó mítà 1.5 sí ẹni náà, kí òkùnkùn ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ má di èédú. Shutter (àkókò tí àwòrán kọ̀ọ̀kan fi ń gba ìmọ́lẹ̀) 1/50, fréèmù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí iná wa ń lọ ní 50 Hz. Pẹ̀lú f/5.6 yẹn, ISO, ìyẹn ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, á wà láàárín 800 sí 1600. Bí ó bá béèrè ju 1600 lọ, ẹ ṣí ẹnu lẹ́ǹsì sí f/4 kí ẹ tó gbé ISO sókè. Ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tò ó sí 5600K kí ẹ má fi í sílẹ̀ fún kámẹ́rà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ògiri á máa pàwọ̀ dà láàárín ṣọ́ọ̀tì kan. Fìtílà alágbèéká tí wọ́n ń sáàjì, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lójú kámẹ́rà, púpọ̀ nínú wọn ń ṣẹ́jú.

Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ lẹ máa ya á, eruku á mú kí oòrùn rọ̀ fúnra rẹ̀ títí di nǹkan bí aago 10. Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu lẹ́ǹsì, eruku yẹn ń ha á. Ẹ fẹ́ ẹ kúrò ná.

Orin wà nínú Tokyo Story, àmọ́ láàárín ìran àti ìran ni wọ́n ń fi í sí jù. Nígbà tí Noriko fẹ́ padà lọ, àwọn ọmọ iléèwé tí Kyoko, àbíkẹ́yìn wọn tó ṣì ń gbé nílé, ń kọ́ ló ń kọrin. Ẹ jẹ́ kí tiyín wá láti inú ìlú. Àwọn akọrin ìjọ tó ń dánrawò nírọ̀lẹ́, tí a ń gbọ́ wọn láti òkèèrè, tí wọ́n ń dúró láàárín orin torí pé ohùn kan ṣì, tí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ orin òkú. Orin ìkórè dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

OlójúLẹ́ǹsì

Mo gba ti ÌyáYàgbà lórí igbe náà. Ó sàn ju ohun tí mo dábàá lọ fún ilé tiwa, ẹ sì lè lo méjèèjì: obìnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ kọ́kọ́, kí àwòrán ìlú mẹ́rin tẹ̀ lé e.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ tọ́jú jù. Níbẹ̀rẹ̀ Tokyo Story, bàbá àti ìyá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń di ẹrù ìrìnàjò, wọ́n ń wá ìrọ̀rí aláfẹ́fẹ́, aládùúgbò yọjú ní fèrèsé ó kí wọn. Ní ìparí, bàbá jókòó síbẹ̀, aládùúgbò kan náà yọjú ní fèrèsé kan náà, ó ní wọ́n á máa dá wà báyìí. Bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń dá a lóhùn. Bí ṣọ́ọ̀tì méjèèjì ò bá bára mu, ẹnikẹ́ni ò ní rí àyè tó ṣófo.

Torí náà, ẹ ya méjèèjì ní àárọ̀ kan náà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, bí ìtàn tilẹ̀ jìnnà síra. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sí, àti ẹsẹ̀ àga bàbá. Ẹ fi téèpù lẹ òrùka fókọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀ kó má yí. Bí ẹ bá ti ya tèkíní tán, ẹ ní kí ìyá dìde, kí bàbá dúró síbi tó wà gẹ́lẹ́, kó má sún sí àárín. Àwọn òṣèré máa ń sún sí àárín láìmọ̀, torí wọ́n rí àyè. Ẹ yí aṣọ rẹ̀ padà níbẹ̀, ẹ kó ẹrù kúrò nílẹ̀, ẹ ya èkejì. Gbogbo rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 40 lọ, nítorí oòrùn á ti kúrò lórí ògiri. Kí aládùúgbò kí wọn ní àkọ́kọ́ pé ẹ kú ìmúra, ní èkejì pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè, pẹ̀lú ohùn kan náà, kó má rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ fún bàbá ní nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ á máa ṣe, abẹ̀bẹ̀ dára. Lẹ́yìn tí aládùúgbò bá ti lọ, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà máa yí fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí i, kí ẹ ṣì lè yan ibi tí ẹ máa gé e sí nígbà tẹ́ ẹ bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.